Ìlà Òfìfo Lójú Ògiri

Wọ́n ti ti ilẹ̀kùn àpótí gíláàsì mọ́ Alàgbà Ọ̀pádòtun kí Ìbíyẹmí tó mọ̀ pé òun ni. Wọn kì í sọ orúkọ ẹlẹ́jọ́ fún atẹ̀wé ṣáájú. Ó ki ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ bọ etí, ó bojú wolẹ̀ láti yàrá òkè tó máa ń jókòó sí, ó sì rí orí funfun kan tó mọ̀ dáadáa.

“Ọ̀gá,” ló wí lábẹ́ ahọ́n. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́.

Èrò ti kún gbàgede. Kò sí ẹni tó ń wo àpótí. Ojú gbogbo wọn wà lára Ògiri, nítorí ohun tí Ògiri bá fi hàn nìkan ni òfin kà sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Gíláàsì náà nípọn. Ẹni tó bá wà nínú rẹ̀ lè ké títí ọ̀fun rẹ̀ yóò fi ya, ìta kò ní gbọ́. Etí kan ṣoṣo ló ní ní gbogbo ìlú, etí Ìbíyẹmí. Ọwọ́ kan ṣoṣo ló sì ní, ọwọ́ Ìbíyẹmí tó ń tẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sójú Ògiri.

Ó tẹ Àsálà.

Bọ́tìnnì náà wà ní igun apá òsì. Ìka ti jẹ ojú rẹ̀ tán. Ohun tí a bá tẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kì í hàn. Àṣẹ ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ògiri á gbọ́ àṣẹ náà, á ṣe é, á sì gbé e mì. Ìbíyẹmí tẹ èyí tó ń nu ojú Ògiri. Ó tẹ èyí tó ń gbé atọ́ka síbi tí a bá fẹ́. Ó tẹ ti àwọ̀ pupa, ó wá kọ orúkọ.

ADÉTÓRÓ Ọ̀PÁDÒTUN.

Orúkọ náà pọ́n lójú Ògiri bí osùn tútù. Ó tẹ àṣẹ tó ń dá àwọ̀ padà, kí pupa náà má baà ran ìlà tó kàn. Atọ́ka bọ́ sísàlẹ̀ orúkọ, ó dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ ìlà òfìfo, ó ń ṣẹ́jú.

Ibi tí atọ́ka bá dúró sí, ẹni ibẹ̀ ló ni ọ̀rọ̀. Adájọ́ pàápàá kò gbọdọ̀ lanu nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí atọ́ka bá kúrò lórí ìlà náà tí ìlà náà ṣì ṣófo, a jẹ́ pé ẹlẹ́jọ́ ti gbà pé òun jẹ̀bi.

Ilẹ̀kùn ṣí lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Ṣówẹ̀mímọ́, Olórí Ògiri, wọlé. Kò tíì pé ogójì ọdún. Ó mú ife kan lọ́wọ́, yìnyín ló kún inú rẹ̀, ó ń rún un lẹ́nu bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà.

“Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí.”

“Ẹ ṣeun, Olórí.”

“Ẹ ti rí ẹni tó wà níbẹ̀.”

“Mo ti rí i.”

“Ọ̀gá yín àtijọ́ ni, àbí? Wọ́n ní òun ló kọ́ yín níṣẹ́.”

“Òun ni.”

Ṣówẹ̀mímọ́ fi ìdí ti etí tábìlì. Ó rún yìnyín kan sí i. “Bàbá náà tojú bọ ibi tí kò kàn án. Ó lọ wo bí páìpù ṣe ń lọ lábẹ́ ilẹ̀. Bó bá lanu báyìí, ọ̀rọ̀ omi Ìsàlẹ̀-Kànga ló máa sọ. Mo fẹ́ ká gé wáyà ibẹ̀ lónìí. Kí ojú-ilé gbogbo wọn ṣókùnkùn títí a ó fi tì í síta Odi ìlú.”

Ojú-ilé ni ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí òfin ní kó wà lára ògiri ilé gbogbo. Ohun tí wọ́n bá tẹ̀ sójú Ògiri ní gbàgede, ibẹ̀ náà ló ń dé. Ìsàlẹ̀-Kànga sì ni àdúgbò tó wà lẹ́sẹ̀ òkè. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Ìbíyẹmí sí. Ìyá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Láti ẹ̀ẹ̀rùn èṣí ni omi ti dá níbẹ̀, tí wọ́n ń fi agolo wọ̀n ọ́n fún agboolé. Ògiri ní kànga ló gbẹ.

Ìbíyẹmí kò gbé ojú kúrò lára atọ́ka.

Bí ó bá tẹ ọ̀rọ̀ bàbá náà ní gbangba, àwọn ará òkè á kà á. Wọ́n á mí kanlẹ̀, wọ́n á lọ lúwẹ̀ẹ́. Àwọn tó nílò rẹ̀ kò ní rí i, nítorí wọ́n á ti gé wáyà wọn. Bí ó bá kọ̀ láti tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ tó ń ka iye lẹ́tà tí atẹ̀wé bá tẹ̀ á han, orúkọ tirẹ̀ náà á pọ́n, ẹlòmíràn á sì jókòó sórí àga rẹ̀.

Ó rántí ojú-ilé ìyá rẹ̀. Àlòkù ni, ẹ̀rọ àtijọ́ tí kò gbọ́ àṣẹ kankan. Bí àṣẹ bá dé ibẹ̀, kì í ṣe é, kì í sì gbé e mì. Ńṣe ló máa ń kọ ọ́ síta bí ọ̀rọ̀: àkámọ́ kan, nọ́ńbà, lẹ́tà. Gbogbo Ìsàlẹ̀-Kànga ló rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gún ni wọ́n ń pè é. Ìbíyẹmí kò tíì mọ ìwé kà dáadáa tó ti mọ̀ pé orúkọ tí ẹ̀gún [31m bá hù níwájú rẹ̀, ẹni náà kò ní padà wálé. Kò sí ohun tí wọ́n nù kúrò lókè tó parẹ́ nísàlẹ̀. Ẹ̀gún náà ló mú un fẹ́ mọ iṣẹ́ yìí.

Ṣùgbọ́n léṣìí, Ògiri kéde pé wọ́n ti pààrọ̀ ojú-ilé gbogbo Ìsàlẹ̀-Kànga sí tuntun. Ìbíyẹmí fúnra rẹ̀ ló tẹ ìkéde náà. Kò sì lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni, torí etí tó bá ti gbọ́rọ̀ inú àpótí kò gbọdọ̀ sọ̀kalẹ̀. Irun orí Ìbíyẹmí ṣì dúdú kirikiri nígbà tó fojú kan ìyá rẹ̀ kẹ́yìn.

“Olórí,” ló wí, “ojú-ilé tó bá ṣókùnkùn lọ́jọ́ ìdájọ́ á bí ìbéèrè. Wọ́n á gòkè wá.”

“Kí wá ni ká ṣe?”

“Ẹ fi wáyà wọn sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bo ọ̀rọ̀ náà.”

“Bò ó báwo?”

“Àṣẹ kan wà. Ọ̀rọ̀ á lọ, ẹ̀rọ á ka lẹ́tà rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ojú kò ní rí i. Ìlà á ṣófo. Wọ́n á ní bàbá náà dúró, kò rí nǹkan wí.”

Ṣówẹ̀mímọ́ dá ẹnu dúró. Yìnyín yọ́ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́. “Ní Ìsàlẹ̀-Kànga náà?”

Ìbíyẹmí tún ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ etí rẹ̀ tò.

“Áà, a ti pààrọ̀ tiwọn,” ni Ṣówẹ̀mímọ́ dá ara rẹ̀ lóhùn. “Ògiri sọ ọ́.”

“Ògiri sọ ọ́,” ni Ìbíyẹmí wí.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. “Ọpọlọ yín kò sùn, Àǹtí. Ẹ bò ó. Tí a bá parí, mà á fún yín níwèé, ẹ lọ mú màmá yín wá sókè. Yàrá kan ṣófo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìwẹ̀.”

Bí Ògiri bá sọ òótọ́, ọwọ́ òun ló sin ọ̀gá òun. Ìbíyẹmí mọ ìyẹn. Bó bá sì jẹ́ irọ́ ni Ògiri pa, ọ̀rọ̀ á dé ìsàlẹ̀, ẹ̀gún rẹ̀ á sì bá a dé. Kò gbàdúrà láti ìgbà tó ti gorí òkè. Ó gbà á báyìí. Ó ní kí Ògiri jẹ́ òpùrọ́.

Ó tẹ Àsálà. Ó tẹ àkámọ́, ó tẹ mẹ́jọ, ó tẹ lẹ́tà rẹ̀.

Ohùn bàbá náà wọ̀ ọ́ létí, ó gbẹ, kò yára. Ó wú ikọ́.

“Omi Ìsàlẹ̀-Kànga kò gbẹ. Wọ́n tì í ni. Páìpù ńlá wà lẹ́yìn ilé ìwé àtijọ́, lábẹ́ òkúta pẹlẹbẹ tí àwọn ọmọdé máa ń jókòó lé. Ẹ yẹ òkúta náà. Ẹ ó rí kẹ̀kẹ́ irin kan. Ọwọ́ òsì ni kí ẹ yí i sí. Ó ti dípẹtà, kí alágbára bíi mélòó kan para pọ̀ sí i.”

Ìbíyẹmí tẹ gbogbo rẹ̀. Lójú Ògiri, atọ́ka ń rìn lọ, kò fi nǹkan kan sílẹ̀ lẹ́yìn. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín ní gbàgede. Wọ́n rò pé bàbá náà ń kálòlò.

Alàgbà Ọ̀pádòtun gbójú sókè láti ka ohun tó sọ. Ó wo ìlà náà. Ó wò ó pẹ́. Lẹ́yìn náà ló yí ojú sí fèrèsé yàrá òkè. Kò lè rí ẹni tó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ọwọ́ tó ń tẹ̀ ẹ́.

“Ìbíyẹmí.”

Ó tẹ̀ ẹ́. Òfin kò ní kí ó yan ọ̀rọ̀.

“Èmi ni mo kọ́ ọ ní èyí.”

Ó tẹ̀ ẹ́.

“Mo kọ́ ọ kí o lè fi bo ọ̀rọ̀ àṣírí àwọn arúgbó, kí olè má baà kà á. N kò kọ́ ọ fún èyí.”

Ó tẹ̀ ẹ́ títí dé àmì ìdánudúró.

Bàbá náà kọ ẹ̀yìn sí Ògiri. Kò sọ nǹkan mìíràn. Ìbíyẹmí fi atọ́ka sílẹ̀ lórí ìlà náà títí agogo adájọ́ fi dún, tó tún dún. Lẹ́yìn náà ló tẹ àṣẹ tó ń ká ìbòjú, ó sì gbé atọ́ka kúrò.

“Ó dákẹ́,” ni ẹnìkan wí ní gbàgede. “Ẹni tó dákẹ́ ti gbà.”

Ẹ̀rọ tó ń ka lẹ́tà tan iná àlàáfíà. Ṣówẹ̀mímọ́ fi ọwọ́ kan án léjìká, ọwọ́ náà tutù.

*

Wọn kò jẹ́ kó rí ọ̀gá rẹ̀ kí wọ́n tó mú un lọ sí ẹnu-ọ̀nà Odi. Ìwé ìsọ̀kalẹ̀ dé ọwọ́ rẹ̀ nígbà tí oòrùn ń yí. Ó wọ ọkọ̀ orí okùn. Òun nìkan ló wà nínú rẹ̀. Láti ojú ọ̀run ó rí Odi, ó rí iyanrìn iyọ̀ tó tẹ́ lọ títí lẹ́yìn rẹ̀. Ó wá èèyàn kan lórí iyanrìn náà. Kò rí i.

Òórùn ló kọ́kọ́ bá a nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀. Òórùn ilẹ̀ tó mu omi.

Ó dúró. Ó fi ọwọ́ di òpó mú. Ògiri purọ́, ló wí nínú ara rẹ̀. Ògiri purọ́. Kò jọ pé ó tíì gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ó tẹ̀lé òórùn náà dé ẹ̀yìn ilé ìwé àtijọ́. Gbogbo àdúgbò ti jáde. Korobá, kẹ́ẹ̀gì, báàfù, ìkòkò ọbẹ̀ pàápàá, kò sí ohun tí wọn kò gbé wá. Wọ́n ti yẹ òkúta sẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi ń tú jáde lẹ́nu páìpù. Ó kọ́kọ́ pọ́n fún ìpẹtà, ó ti ń mọ́ báyìí.

“Ẹ rọra máa pọn ọ́n o,” ni ọkùnrin kan tó gbé ayùn irin dání ń wí. “Ògiri ní omi ti gbẹ. Eruku lẹ ń pọn yẹn.”

“Eruku yìí mà tutù o, Bọ̀dá Kàmórù,” ni obìnrin kan dá a lóhùn. “Ẹ bù ú bọ́jú, bóyá ojú yín á là.”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìbíyẹmí náà fẹ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà náà ni ẹnìkan rí aṣọ eérú tó wọ̀, aṣọ àwọn ará Ògiri. Ẹ̀rín náà kú láti ẹ̀yìn dé iwájú.

Rámọ́tù ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Òun àti Ìbíyẹmí jọ ta òkòtó lórí òkúta tó wà nílẹ̀ yẹn nígbà tí wọ́n wà ní kékeré.

“Ẹ yà lọ́nà. Ẹ jẹ́ kí Ìyá Ògiri kọjá. Ẹ wo ẹsẹ̀ yín o, ẹ̀gún ń bọ̀.”

“Rámọ́tù.”

“Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Mi ò rí i lójú Ògiri.”

“Ṣé àlàáfíà ni màmá mi wà?”

“Wọ́n wà. Ìtìjú kì í pa arúgbó.”

Ìbíyẹmí wo páìpù. “Ta ló ṣí i?”

“Bàbá tí ẹ bò mọ́lẹ̀ ló ṣí i.” Rámọ́tù gbé korobá rẹ̀ sílẹ̀. “A kà á tán, a sáré wá síbí. Bí omi ṣe yọ, a ní kí àwọn kan sáré dé ẹnu-ọ̀nà Odi, kí wọ́n lọ sọ fún un pé a rí i. Wọ́n débẹ̀, wọ́n ní ó ti jáde. Wọ́n ní kò wẹ̀yìn.”

Omi ń dà. Ẹnikẹ́ni kò pọn ún.

“Wọ́n á fẹ́ tún un tì,” ni Ìbíyẹmí wí.

“Kí ni wọ́n máa yí? Bọ̀dá Kàmórù ti gé kẹ̀kẹ́ irin náà kúrò lórí rẹ̀. Ẹ gòkè lọ sọ fún wọn.”

“Mi ò ní sọ.”

“Mo mọ̀. Ẹ kúkú mọ ọ̀rọ̀ bò.”

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù fún un láti sọ, pé òun mọ̀ọ́mọ̀ ni. Ó ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Bó bá sọ ọ́, Rámọ́tù á dì mọ́ ọn, wọ́n á gbé e lé èjìká, wọ́n á fi kọrin lọ́la. Orin sì ń gòkè. Bó bá dé etí Ṣówẹ̀mímọ́ pé ojú-ilé Ìsàlẹ̀-Kànga kò gbọ́ àṣẹ, wọ́n á kó tuntun wá lóòótọ́, lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, láì gba kọ́bọ̀. Láti ọjọ́ náà, ìsàlẹ̀ á fọ́jú bí òkè.

Ó gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Wọ́n yà fún un, àyè náà fẹ̀ ju ohun tí ara ènìyàn kan nílò lọ. Ó kọjá.

*

Ìyá rẹ̀ jókòó sórí àpótí, ó kọjú sí ojú-ilé. Ẹ̀rọ náà ti sán ní igun. Igun tó sán nígbà tí Ìbíyẹmí jẹ́ ọmọdé ni.

Ó kúnlẹ̀. “Màámi, ẹ kú ilé.”

“Dìde.”

Ó dìde. Ọ̀rọ̀ náà wà níwájú rẹ̀, ó funfun lórí dúdú, kò sí ohun tó bò ó:

[31mADÉTÓRÓ Ọ̀PÁDÒTUN[0m
[8mOmi Ìsàlẹ̀-Kànga kò gbẹ. Wọ́n tì í ni.

Ó kà á títí dé orúkọ ara rẹ̀, títí dé “N kò kọ́ ọ fún èyí.” Ẹ̀gún kan ṣíwájú ọ̀rọ̀ náà, ọ̀kan tẹ̀lé e, bí ọwọ́ méjì tó mú ènìyàn lọ́rùn.

“Mo mọ gbogbo ẹ̀gún,” ni ìyá rẹ̀ wí. “N kò rí èyí rí. Kí ló ń ṣe?”

“Ó ń bo ọ̀rọ̀, Màámi.”

“Ta ló tẹ̀ ẹ́?”

“Èmi ni.”

“Wọ́n yọ ìbọn sí ọ?”

“Rárá.”

“Wọ́n pàṣẹ fún ọ?”

Ìbíyẹmí wo ẹsẹ̀ rẹ̀. “Èmi ni mo dábàá rẹ̀ fún wọn.”

Ìyá náà mi orí, kò yára, bí ẹni tó ń wo bí ẹrù ṣe wúwo tó. “Bàbá yẹn ló wá tọrọ rẹ lọ́wọ́ mi. Orí àpótí yìí ló jókòó sí. Ó ní ọmọ yìí, bó bá mọ iṣẹ́ yìí tán, kò sẹ́ni tó máa lè pa òótọ́ rẹ́ lójú rẹ̀. Mo ní kó máa mú ọ lọ.”

Ìbíyẹmí yọ ìwé àṣẹ lápò. Ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ohun mìíràn tó lè ṣe. “Wọ́n ní kí n mú yín wá sókè. Yàrá wà. Omi wà níbẹ̀.”

“Omi wà níbí.”

Lóde, wọ́n ti tún bẹ̀rẹ̀ sí pọn ọ́n. Ìró korobá ń wọlé, àti ohùn ẹni tó ń pariwo pé kí wọ́n má ta òun lómi. Lára ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ife tánganran kan rọ̀, etí rẹ̀ ti họ, òdòdó aláwọ̀ ewé kan wà lára rẹ̀. Ife Ìbíyẹmí ni. Òun ló fi ń mu ẹ̀kọ kó tó gòkè lọ. Ìyá rẹ̀ kò gbé e kúrò níbẹ̀ láti ìgbà náà. Wọ́n ti nù ún. Kò ní eruku.

Ìyá náà dìde, ó di orúnkún mú. Ó rìn dé ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó kọjá lára ìṣó.

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó mú ife gíláàsì kan jáde, ọ̀kan lára àwọn tí wọ́n fi aṣọ wé, tí a kì í lò àfi bí àlejò bá wá láti òkè. Ó tú aṣọ rẹ̀. Ó fi etí ìró nù ún yíká. Ó bu omi sí i nínú korobá tuntun, ó gbé e lé àwo pẹlẹbẹ, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé e wá fún ọmọ rẹ̀.

Ìbíyẹmí gbà á. Ó mu ún. Omi náà tutù, adùn irin ṣì wà nínú rẹ̀ díẹ̀. Ó mu ún tán, ó dá ife padà sórí àwo, ó dúpẹ́.

Ìyá rẹ̀ ní kò tó ọpẹ́.

Ìbíyẹmí tún ìwé àṣẹ náà ká, ó fi sápò. Nígbà tó ń jáde, èjìká rẹ̀ kan ife tánganran ara ìṣó. Ife náà fì díẹ̀, ó sì dúró.